Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti fi Alloy tàbí Z3 yẹ rúùlù expert system wò rí?

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará, mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín. Mo ń fi CLIPS, èdè kọ̀ǹpútà fún kíkọ rúùlù tí NASA ṣe ní 1985 yẹn, kọ expert system (ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi rúùlù dáhùn bí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́) tó máa gba nọ́ọ̀sì nímọ̀ràn lórí ọmọdé tí ara ẹ̀ ń gbóná, rúùlù inú ẹ̀ ti lé ní 140. Ó ń dáhùn dáadáa, àfi lánàá tí mo fún un ní ọmọ ọdún mẹ́ta tí tẹ́ẹ̀sì fi hàn pé ó ní ibà, tí gìrì sì tún ń mú un. Rúùlù 31 ní kí wọ́n fún un lóògùn kó máa lọ sílé, rúùlù 88 ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́síbítù kíákíá, méjèèjì jáde pọ̀! Àyà mi já, ṣé ọmọ tí gìrì ń mú lèèyàn ń dá padà sílé ni?

Mo wá rí i pé kéèsì tí mi ò bá ronú kàn, mi ò lè tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ láéláé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ formal spec, ìyẹn òfin tí ètò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, tí wọ́n kọ bí ìṣirò kí kọ̀ǹpútà lè yẹ̀ ẹ́ wò, pé kò gbọdọ̀ sí aláìsàn kankan tí ìmọ̀ràn méjèèjì yẹn máa jọ jáde fún. Mo ti gbìyànjú Alloy, irinṣẹ́ tó ń bá èèyàn wá kéèsì tó máa ba irú òfin bẹ́ẹ̀ jẹ́, ó dùn ún lò, àmọ́ ibi tí mo bá ní kó wá dé náà ló ń wá dé, tí kò bá rí àṣìṣe kò túmọ̀ sí pé kò sí. Ẹnì kan ní kí n lo Z3, irinṣẹ́ míì tó mọ ìṣirò nọ́ńbà dáadáa, torí nọ́ńbà pọ̀ nínú rúùlù mi, ọjọ́ orí, bí ara ṣe gbóná tó àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Salience (nọ́ńbà tó ń sọ rúùlù tó máa kọ́kọ́ ṣiṣẹ́) tí mo fi sí àwọn rúùlù ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń kọ ọ́ sínú spec? Tí dókítà bá sì yí rúùlù kan padà, ṣé spec ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe? Ẹni tó bá ní àpẹẹrẹ, kódà kó jẹ́ rúùlù márùn-ún péré, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi hàn mí.