Omi tútù ń ya, omi gbígbóná ń kán tó-tó: ohun tójú mi rí

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin tèmi. Ẹni tó béèrè lánàá nípa omi gbígbóná tí kò lágbára nílé ẹ̀, jọ̀ọ́ má tíì lọ ra pọ́ǹpù o, gbọ́ tèmi ná.

Apá Ewékorò nilé wa wà, bóòhóòlù la ń lò, táǹkì wa wà lórí sítáǹdì. Lọ́dún 2022 tí mo bímọ, màámi wá láti Ìjẹ̀bú wá máa wẹ ọmọ, ẹ sì mọ àwọn ìyá wa, àfi kí wọ́n rẹ aṣọ sínú omi gbígbóná kí wọ́n fi tẹ ikùn ìyá ọmọ láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná, omi tó jáde ò ju òwú abẹ́rẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ti tútù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń ya gan-an ni. Màámi wá ń kaná omi lórí gáàsì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, wọ́n á gbé ìkòkò láti kíṣìn dé balùwẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá torí ilẹ̀ táìsì wa máa ń yọ̀.

Púlọ́ńbà tá a kọ́kọ́ pè ò tú nǹkankan wò, ó ní ká ra pọ́ǹpù, ká tún gbé táǹkì sókè sí i. Òótọ́ ni pé gíga táǹkì ló ń fún omi lágbára, mítà 10 ló ń jẹ́ bar 1 (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára omi), tiwa ò sì ju mítà 3 lọ sí ẹnu ṣáwà, ìyẹn bar 0.3 péré. Àmọ́ ọkọ mi bi í pé ṣebí táǹkì kan náà ló ń fún méjèèjì lómi, kí ló dé tí nǹkankan ò ṣe tútù? Kò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó mọ iṣẹ́ yìí ló ní ká kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. A gbé korobá oní lítà 10 sábẹ́ tútù, ó kún ní ìṣẹ́jú àáyá 50. Sábẹ́ gbígbóná, ìṣẹ́jú 6 kọjá, kò tíì kún.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dé ní Sátidé, wọ́n pa bíréékà híítà, wọ́n dúró kó tutù, wọ́n ti omi tó ń wọ inú ẹ̀, wọ́n wá tú hóòsì ìsàlẹ̀. Fáàfù kékeré kan wà níbi tómi ń gbà wọlé, òun ni kì í jẹ́ kí omi gbígbóná padà sẹ́yìn, òun náà ló sì ń tú omi dànù tí inú híítà bá fún jù. Wọ́n gbọ̀n ọ́n sínú àwo, nǹkan funfun ń bọ́ jáde bí èèpo ẹyin tí wọ́n rún, mo fọwọ́ pa á, ó le bí iyanrìn. Ihò tó yẹ kí ìka mi tó kéré jù wọ̀, ekukáká ni igi ìgbálẹ̀ fi lè gbà á kọjá.

Òkúta ẹfun ni o. Òun ló wà nílẹ̀ agbègbè wa níbí, òun ni wọ́n ń wà fi ṣe sìmẹ́ńtì l'Ewékorò láti 1960. Ó ti yọ́ sínú omi bóòhóòlù, ojú ò lè rí i, àfi tíná bá kàn án ló máa dì tá á lẹ̀ mọ́ nǹkan, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀nà omi gbígbóná ló kọ́kọ́ ń dí. Ẹ wo ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù yín, funfun tó wà níbẹ̀ yẹn, òun náà ni.

Wọ́n rẹ fáàfù sínú fínígà mọ́jú, wọ́n pààrọ̀ hóòsì torí rọ́bà inú ẹ̀ ti wú, èmi fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ orí ṣáwà àti asẹ́ ẹnu ẹ̀rọ. Wọ́n jẹ́ kómi kún híítà dáadáa títí ó fi ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ kí wọ́n tó tanná sí i, torí tí híítà ò bá lómi, irin tó ń gbóná nínú ẹ̀ máa jó. Korobá wá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 65. Màámi kàn na ọwọ́ sábẹ́ omi, wọ́n ní "gbé ọmọ wá".

Ẹ jọ̀ọ́, tí púlọ́ńbà bá ní òun fẹ́ yọ fáàfù yẹn dànù kómi lè yá, ẹ má gbà fún un. Omi tó bá ń gbóná máa ń wú, tí ò bá ríbi gbà, híítà lè bẹ́.

---

Èsì ẹnì kan: Ẹ kú ewu ọmọ o ẹ̀gbọ́n mi. Tèmi n'Ìbàdàn níbí yàtọ̀, tútù àti gbígbóná ló jọ ń rọra jáde. Ṣáwà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo rà ló fà á, wọ́n kọ ọ́ sára páálí ẹ̀ pé ó kéré tán bar 1 ló ń fẹ́, táǹkì mi ò sì ju mítà 2 lọ sókè ẹ̀. Mo yọ ọ́, mo fi èyí tí wọ́n ń fọwọ́ dì mú sí i, ó dáa díẹ̀, mo ń tọ́jú owó sítáǹdì báyìí. Lọ́la ni màá tú ìsàlẹ̀ híítà tèmi náà wò.