Ìtúdè, àtúnṣe, tàbí àwótúnkọ́?

A ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó fi túmọ̀ "abolition". Ẹ̀gbọ́n wa láti Ṣàgámù ní kí a máa pe èrò àwọn tó fẹ́ kí ìjìyà kásẹ̀ nílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ àti nínú iṣẹ́ ọ̀dọ́ ní "ìtúdè", láti ara tú àti ìdè. Àbúrò wa láti Ìjẹ̀bú-Òde dáhùn pé "àtúnṣe" ti tó. Ẹ dákun, n kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Mo mọ ìdí tí ẹ̀gbọ́n fi mú ìdè wá. Inú ìjà lòdì sí òwò ẹrú ni èrò yìí ti ṣẹ̀. Ní 1865, Amẹ́ríkà fi òfin pa oko ẹrú rẹ́, àmọ́ òfin náà yọ ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi sílẹ̀: onítọ̀hún ṣì lè ṣiṣẹ́ túláàsì. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn wà lára ohun tí Angela Davis, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọ Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá ẹ̀wọ̀n jà lé lórí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sì gbà dé ilé ẹ̀kọ́. Ní oṣù kẹfà 2020, ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìlú Oakland ní Amẹ́ríkà dìbò láti tú ẹ̀ka ọlọ́pàá tirẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n ìdè tí a tú lọ́wọ́ ọmọ kan ṣì wà nílẹ̀ de ọmọ mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ ohun tí a ó fi ìdè ṣe.

"Àtúnṣe" burú jù ú lọ. Ní 2019, Nàìjíríà yí orúkọ àjọ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà, àwọn kan sì ń pè é ní ọgbà àtúnṣe. Ọgbà ẹ̀wọ̀n náà ni àwọn ará ìlú ṣì ń pè é, torí ògiri kò yẹ̀. Tíṣà tó fi ìkúnlẹ̀ àti koríko gígé rọ́pò pàṣán, àtúnṣe lòun náà ṣe.

Èmi mú wó àti kọ́. Kọ́ kan náà ni a fi ń kọ́ ilé tí a fi ń kọ́ ọmọ. "Ìwókọ́" ni ìbá ṣe, ṣùgbọ́n lórí fóònù tí kò sí àmì ohùn, "ìwòkọ" ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò kà á, èyí tí wọ́n ń ṣe nínú ìdánwò! Nítorí náà ni mo fi tún sí i láàárín: àwótúnkọ́. Ẹnìkan lè ní ilé àtijọ́ náà ni "tún kọ́" yóò gbé dìde. Rárá o. Ẹni tó fẹ́ wó ilé alámọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó kó fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ kọ́kọ́ ń wá ibi tí ará ilé yóò sùn. Yóò tú páànù lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò yọ ilẹ̀kùn tó ṣì dára pa mọ́, kó tó kan ògiri. Ìpìlẹ̀ tuntun kì í sì í tẹ̀ lé ti àtijọ́. Wíwó láìkọ́ ni ti ilé ẹ̀kọ́ tó gba pàṣán lọ́wọ́ tíṣà lọ́jọ́ Ajé láìfi nǹkan kan lé e lọ́wọ́. Pẹ̀lú ọgọ́ta ọmọ níwájú rẹ̀, lílé ọmọ síta ni yóò kù fún un.

Kí la ó wá kọ́? Ìbáwí. Ẹ wò ó dáadáa: bá, wí. Ẹnu ló wà nínú rẹ̀, kò sí ẹgba. Àwa la sọ ọ́ di nínà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ di tirẹ̀ ní 2006, ní kí a bọ̀wọ̀ fún iyì ọmọ, síbẹ̀ abala 295 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ṣì gbà pé òbí tàbí olùkọ́ lè lu ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 láti fi bá a wí.

Ìbáwí tó ní ẹnu nínú ni ìjókòó ìlàjà. Olùdarí ìjókòó yóò kọ́kọ́ rí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kò bá fẹ́ wá, a kò gbọdọ̀ fipá mú un. Kí wọ́n jókòó yíká, láìsí tábìlì láàárín, kí wọ́n má ju mẹ́jọ lọ. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló dùn? Kí ni yóò tún un ṣe? Kí wọ́n kọ àdéhùn náà sílẹ̀ tọjọ́tọjọ́: ẹni tó fa yúnífọ́ọ̀mù ya yóò mú un lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kó tó di Friday. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n padà yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn oṣù kan bákan náà. Ibi àyẹ̀wò yìí ló ti ń bàjẹ́ jù. Bí ẹnikẹ́ni kò bá padà béèrè, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ yóò gbà pé wọ́n tan òun. Ohun kejì tó ń ba ìjókòó jẹ́ ni kí wọ́n ní kí ọmọ dọ̀bálẹ̀ tọrọ gáfárà níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ìjìyà nìyẹn.

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àwọn ọmọ JSS2 tó ń jà lónìí ni yóò wà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà lọ́la, tí wọn yóò jọ wọ aṣọ kan náà lọ sí Ojúde Ọba.

Nínú ìwé tí a bá ń kọ sí òbí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ tuntun kankan bẹ̀rẹ̀, àní àwótúnkọ́ pàápàá. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "A kò na ọmọ mọ́. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, a ó pè yín sí ìjókòó láàárín ọjọ́ mẹ́ta."