Ìbọn ọ̀dà l'Ékòó: ẹ wá já ohun tí ojú yín ti rí sílẹ̀

Rẹfirí Súúlérè:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú eré ìbọn ọ̀dà (paintball), níbi tí a ti ń fi ọta olómi aláwọ̀ yin ara wa, ti pọ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń kó wá. Kí ló dé tí ìbọn tó yìn dáadáa láàárọ̀ fi ń tú sííí lọ́sàn-án? Kí ló dé tí ọta tó dára lójú fi ń ta dànù lára èèyàn láì bẹ́? Kí oníkálukú sọ èyí tó mọ̀. Ẹ fi ta ló yìnbọn fún ta lọ́dún tó kọjá sílẹ̀, ohun tó ń bàjẹ́, ìdí tó fi ń bàjẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe la fẹ́ gbọ́.

Èmi á bẹ̀rẹ̀ látorí ojú. Ọta kan fẹ̀ tó mìlímítà 17, ó wúwo tó gíráàmù 3, ó sì ń jáde ní ẹsẹ̀ bàtà 280 sí 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lára aṣọ, á ta èèyàn, ojú ibẹ̀ á wú díẹ̀, ó tán. Lójú tí kò ní ìbòjú, ẹyinjú lè fọ́. Ìdí nìyẹn tí ìbòjú kì í fi í kúrò lójú lórí pápá, kódà bí dígí bá ṣú débi pé ẹni náà ò rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Yóò nawọ́ sókè, yóò pe rẹfirí, rẹfirí á fà á jáde. Bí ìbòjú ẹnì kan bá bọ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ni yóò pariwo, fèrè á dún, gbogbo ìbọn á dákẹ́.

Ooru Èkó ló ń mú dígí ṣú. Ẹ ra onípele méjì, torí afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ìpele méjèèjì ni kì í jẹ́ kí òógùn inú dì mọ́ dígí. Ẹ má rì í bọ omi o. Bí omi bá gba etí fóòmù wọ àárín, ó di kùrukùru títí láé nìyẹn. Aṣọ rírọ̀ tó tutù díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún. Bẹntiróòlù, sípíríìtì àti omi ìnudígí ilé kò gbọ́dọ̀ kàn án, wọ́n ń jẹ irú ike yẹn láti inú wá, ojú ò sì ní í rí i títí ọta yóò fi gba ibẹ̀ kọjá.

Alákòóso Ọta, Yábàá:
Ẹ ṣeun, rẹfirí wa. Ẹ jẹ́ kí n gbé ọta. Orúkọ ló ń jẹ́ ọta ọ̀dà, kò sí ọ̀dà kankan nínú rẹ̀. Èèpo rẹ̀ jẹ́ jẹ́látíìnì, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe kápúsù oògùn. Omi inú rẹ̀ sì jẹ́ polyethylene glycol tí wọ́n po àwọ̀ mọ́, omi lásán ló ń fọ̀ ọ́ kúrò lára aṣọ. Jẹ́látíìnì yìí ń mu omi inú afẹ́fẹ́ bíi gààrí. Ẹ mọ bí gààrí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ òjò ṣe ń rí lọ́wọ́. Ibi tó bá ọta lára mu ni ibi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wà ní nǹkan bí 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, tí kò sì gbóná ju 25 digírì lọ. Tiwa tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà ńkọ́? Lásìkò òjò, afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ máa ń kọjá 80. Bí wọ́n bá tún wá mú iná lọ tí ẹ̀rọ amúlétutù kú, ọ̀rá tí wọ́n ti ṣí ti ń wú nìyẹn.

Páálí kan sábà máa ń jẹ́ ọta 2,000, ní ọ̀rá mẹ́rin tó ní 500 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rá kan ni kí ẹ máa ṣí lẹ́ẹ̀kan. Kúlà tí wọ́n fi ń gbé mínírà lọ òde àríyá ló dára jù láti fi gbé e dé pápá, ṣùgbọ́n ẹ má kó yìnyín sínú rẹ̀, torí omi yìnyín gan-an la ń sá fún. Àpò kékeré tó ń bá bàtà tuntun wá, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́, ẹ máa tọ́jú rẹ̀, ẹ kó bíi mẹ́wàá sínú kúlà náà. Páálí tó wà nílé, ẹ máa dojú rẹ̀ délẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì kí àwọn ti òkè má baà tẹ àwọn ti ìsàlẹ̀ wọlé. Ọta tó ti pé oṣù mẹ́ta l'Ékòó, èmi ò ní í fi gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ ṣe lè dán an wò: ẹ mú mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí wọ́n bọ́ láti ibi tí orí yín ga dé sórí sìmẹ́ńtì. Bí èyí tó pọ̀ jù bá fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, èèpo wọn ti gbẹ, inú ìbọn ni wọn yóò ti máa fọ́. Ọyẹ́ ló sábà ń fa ìyẹn. Bí ẹ bá sì sọ ọ́ nígbà mẹ́fà tí kò sí èyí tó fọ́, ó ti di rọ́bà. Irú rẹ̀ kì í bẹ́ lára, ó kàn máa ń dun èèyàn ni, ìjà sì máa ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀: “Mo yìn ọ́!” “Irọ́ ni, níbo ni ọ̀dà wà?”

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ ọ̀pá ìbọn, kí ẹ fi ọta kan sí ìdí rẹ̀. Bó bá ṣubú jáde fúnra rẹ̀, ọ̀pá ti fẹ̀ jù fún un, gáàsì á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sá lọ. Bó bá dúró, tí ẹ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i tó sì fò jáde, ó bára mu. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi wú tí kò mira, ọta ti mu omi. Èyí tó ń ṣubú jáde ní Sátidé lè há ní Sátidé kejì lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn kan á lọ ra ọ̀pá tuntun. Ọ̀pá ò ṣe nǹkan kan.

Bí ọ̀kan bá fọ́ sínú ọ̀pá, ẹ má sọ pé ẹ ó yìn ín títí yóò fi mọ́. Ọ̀dà tó kù níbẹ̀ á mú kí èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa yà sọ́tùn-ún sósì bí ọlọ́kadà. Ẹ jáde, ẹ fi àpò ìbọnu wọ ẹnu ìbọn, ẹ yọ ọ̀pá, kí ẹ fi ọ̀pá ìnubọn fà á nínú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀yìn ló gbọ́dọ̀ ti wọlé.

Ẹlẹ́rọ Mushin:
Ohun tí Alákòóso sọ nípa omi, ẹ fi ooru kún un, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ mi. Sílíńdà gáàsì ara ìbọn ló lè pa èèyàn nínú eré yìí.

CO2, gáàsì tó ń ti ọta jáde, máa ń di omi nínú sílíńdà. Ní 21 digírì, agbára rẹ̀ wà ní nǹkan bí psi 850 (psi la fi ń wọn agbára gáàsì). Bó bá ti kọjá 31 digírì, kò sí omi mọ́, gáàsì ni gbogbo rẹ̀, bí wọ́n bá sì ti rọ ọ́ jù, agbára rẹ̀ á máa ga sókè kíákíá. Ẹ wá ro búùtù mọ́tò tó wà nínú họ́dàápù lórí afárá Third Mainland ní agogo kan ọ̀sán. Nítorí náà síkéèlì ni wọ́n fi ń rọ CO2. Ẹ wọn sílíńdà lófìfo, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní 20 oz kò gbọ́dọ̀ gbà ju gíráàmù 567 lọ, 12 oz kò gbọ́dọ̀ ju 340. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé òun mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, ẹ gba sílíńdà yín. Lára fáàfù rẹ̀, abala idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó ń bẹ́ kí gáàsì lè jáde kí sílíńdà má baà fọ́. Bó bá bẹ́ nínú mọ́tò, ẹ sọ gbogbo dígí kalẹ̀, kí ẹ sì jáde. Ẹ má fi abala tó nípọn rọ́pò rẹ̀ láé.

Èkejì, ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì fa ìlà kan láti ara fáàfù wá sí ara sílíńdà. Nígbà tí ẹ bá ń tú sílíńdà kúrò lára ìbọn, ojú yín kò gbọ́dọ̀ kúrò lára ìlà yẹn. Bí ìlà bá pín sí méjì, fáàfù ló ń tú kúrò lára sílíńdà, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ má yí i mọ́, kí gbogbo èèyàn kúrò lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì pe ẹni tó mọṣẹ́. Sílíńdà tí fáàfù bá fò yọ lára rẹ̀ ń lọ bíi rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ti pa èèyàn ní Amẹ́ríkà.

Àwọn tó ń lo afẹ́fẹ́ lásán tí wọ́n fún mọ́nú sílíńdà dípò CO2, psi 3,000 ni sílíńdà alumíníọ̀mù, 4,500 sì ni ti carbon. Ẹ wo déètì tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń fi omi dán an wò. Ọ́ìlì kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́. Ẹ̀yin tó mọ ẹ́ńjìnnì dísù mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fún ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ pọ̀ níbi tó há: ó ń gbiná láì sí púlọ́ọ̀gì.

Sííí tí rẹfirí bèèrè nípa rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi fóòmù ọṣẹ wá a. Bó bá ń hó lẹ́nu sílíńdà, O-ring (òrùka rọ́bà tó ń dí ọ̀nà gáàsì) nọ́ńbà 015 ni. Èyí dúdú tó pọ̀ ní Ladípọ̀ á wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n CO2 ń rá wọnú rọ́bà dúdú yẹn, bí ẹ bá sì tú sílíńdà, gáàsì tó wà nínú rọ́bà á wá ọ̀nà jáde, rọ́bà á wú, á sì là. Polyurethane ni kí ẹ bèèrè, líle 90. Bó bá jẹ́ ẹnu ọ̀pá ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, síìlì fáàfù inú ni. Ẹ kán ọ́ìlì ìbọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ibi tí wọ́n ti ń de sílíńdà mọ́ ìbọn CO2, ẹ de é padà, ẹ yìn ín lófìfo bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ìgbà mìíràn á tún jókòó sí àyè rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ síìlì.

Tó bá ń ṣe tù-tù-tù-tù fúnra rẹ̀ láì dúró, gáàsì ti ń tán, tàbí kí O-ring bọ́ọ̀tì ẹ̀yìn, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ìbọn, ti gbẹ. Ọ́ìlì díẹ̀ ló fẹ́. Ẹ má fún WD-40 sí i.

Ẹ tún gbé ìbọn dúró ṣánṣán. Ẹni tó bá dojú rẹ̀ kodò ń jẹ́ kí CO2 olómi wọ inú ìbọn, á dì bíi yìnyín, O-ring á sì kákò. Kí ẹ sì wọn eré ọta lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, torí ìbọn tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 275 láàárọ̀ lè kọjá 300 ní agogo méjì. Lórí irú ìbọn tó ń jẹ́ Tippmann 98, ìdè (síkúrù) kan wà lápá òsì: bí ẹ bá yí i bí aago ṣe ń yí, eré á dínkù. Ìdámẹ́rin ìyípo ni kí ẹ máa yí, kí ẹ yìn ní ìgbà mẹ́ta, kí ẹ tún wò ó.

Ọmọ Bàrígà:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Airsoft, ìbọn tó ń yin ọta ike, ńkọ́? Ṣé mo lè fi íntánẹ́ẹ̀tì ra tèmi wá láti òkè òkun?

Rẹfirí Súúlérè:
Àbúrò, rárá. Ìbọn ìléwọ́ alátẹ́gùn wà lára ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà fòfin dè pátápátá, òfin ìbọn wa sì ka ìbọn atẹ́gùn mọ́ èyí tó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, airsoft jọ AK gidi, ọlọ́pàá tó dá mọ́tò dúró ní Ọ̀jọ́tá lálẹ́ kò ní í béèrè bóyá ike mìlímítà 6 ló ń yìn. Lọ síbi tí wọ́n ti ní ìwé, kí o háyà tiwọn. Má sì wọ aṣọ aláwọ̀ ṣójà lọ síbẹ̀, òfin ò gbà á fún ẹni tí kì í ṣe ṣójà.

Màmá Eré, Ìkẹjà:
Ẹ ti sọ ti irin tán, ẹ jẹ́ ká sọ ti eré fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ta eré yìí, ní oṣù kẹfà ọdún 1981, nínú igbó kan ní Henniker ní Amẹ́ríkà, èèyàn 12 ló ta á. Ẹni tó gbapò kìíní kó gbogbo àsíá láì yìnbọn lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ ni mo ti ń wo gbogbo eré tí mo bá gbé kalẹ̀: ṣé ẹni tí kò lè yìnbọn dáadáa rí nǹkan ṣe níbẹ̀?

Èyí tó ń gbayì lọ́wọ́ àwọn ará ọ́fíìsì ni “Ọ̀jọ́tá sí CMS”. Èèyàn 20, ìṣẹ́jú 15. Àwọn 12 ni danfo, àwọn 8 ni agbèrò, torí ẹni tó ba dè èèyàn lẹ́yìn àgbá ti ní àǹfààní tẹ́lẹ̀. Dírẹ́bà wọ fẹ́ẹ̀sì yẹ́lò, kò gbé ìbọn. Kẹ́ẹ̀gì oníílítà márùn-ún mẹ́rin ni èrò, omi kún inú wọn, ẹyọ kan ló sì lè gbé lẹ́ẹ̀kan. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta gbọ́dọ̀ dé CMS. Ọta 50 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, torí láìsí òté yẹn, olówó ló máa ń borí.

Ibi tó ti máa ń dàrú: wọ́n á yin dírẹ́bà ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, eré á kú. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn lè gbé fẹ́ẹ̀sì náà wọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta péré. Ọmọ danfo tí wọ́n bá yìn á padà sí Ọ̀jọ́tá, á ju ìdérí mínírà kan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, á ka 30, á tún wọlé. Ìdérí 20 ló wà, bó bá tán, ó tán. Agbèrò kì í padà. Ẹ sì na okùn yí Ọ̀jọ́tá ká ní mítà 15, kí wọ́n má baà lọ lúgọ síbẹ̀. Bí àmì ọ̀dà bá tóbi tó owó ẹyọ, ẹni náà ti kú. Fífọ́n lásán kò kà. Láàárín mítà mẹ́rin, ẹ pariwo “Fi sílẹ̀!” kí ẹ tó yìn.

Ẹlẹ́rọ Mushin:
Ìyá wa, kẹ́ẹ̀gì olómi yẹn dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n dé ìdérí rẹ̀ pinpin, ìbọn tí omi bá dà sí nínú á dípẹtà kó tó di Sátidé tó ń bọ̀. Bí eré bá parí, ẹ tú bọ́ọ̀tì àti sípíríǹgì, ẹ fi àkísà gbígbẹ nù wọ́n, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fún kọ̀rọ̀, ọ́ìlì ẹ̀kán kan lórí O-ring. Ẹ má tì í mọ́ àpótí kó tó gbẹ.

Ọmọ Bàrígà:
Kútẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀ ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ṣé ó ṣeé lò?

Ẹlẹ́rọ Mushin:
Báwo lo ṣe fẹ́ rí ìlà tí kò láwọ̀? Pupa ni o. Fa òmíràn bí èyí àkọ́kọ́ bá ti ń ṣí.