Ẹ wá sọ tiyín: ọjọ́ tí àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀rọ dà yín láàmú níbi iṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú. Gbọ̀ngàn ìpàdé kan ni, ní Central Area, Abuja níbí. AC 18 ló wà lókè sílíìnì, wáyà RS-485 (wáyà tí ẹ̀rọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀) kan ṣoṣo ló so gbogbo wọn pọ̀, Modbus ni èdè tí wọ́n ń sọ. Kọ̀ǹpútà á pe nọ́ńbà kan, ẹni tó ń jẹ́ nọ́ńbà yẹn nìkan ló gbọ́dọ̀ dáhùn. Láti 1 dé 247 ni Modbus gbà, àyè pọ̀. Ohun tí mi ò kà sí ni pé nọ́ńbà 1 ni gbogbo wọn ń jẹ́ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Ẹ dúró láàárín ọjà Wuse kí ẹ pariwo "Àlàájì!", kí ẹ wá ka iye orí tó máa yíjú. Bí àwọn AC mi ṣe ń dáhùn nìyẹn, ọ̀rọ̀ ń kọlu ọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà ò gbọ́ ẹyọ kan.

Ọmọ iṣẹ́ mi gun àkàbà. DIP switch mẹ́jọ, àwọn switch kéékèèké tí a fi ń to nọ́ńbà, ló wà lára bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan: èkíní jẹ́ 1, èkejì 2, ẹ̀kẹta 4, títí dé 128. Ẹni tó bá fẹ́ 5, á gbé èkíní àti ẹ̀kẹta. Ó to gbogbo rẹ̀ tán, kò sí ìyàtọ̀. Èmi náà gùn ún, mo tún un yẹ̀ wò, pàbó. A tú wáyà, a tún un dè. Aago mẹ́rin ń lọ lù ni NEPA mú iná. (Mo mọ̀ pé AEDC ni. NEPA ni lẹ́nu tèmi.) Jẹnẹrétọ̀ gbé e, mo wojú kọ̀ǹpútà: AC mẹ́tàdínlógún ti ń dáhùn! Àṣé ìgbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni ẹ̀rọ yẹn máa ń ka switch rẹ̀. Láti àárọ̀, a ò paná rí.

Ẹyọ kan tó kù ńkọ́? Nọ́ńbà 5 ló yẹ kó máa jẹ́. Òdìkejì ni ọmọ yẹn dúró sí, ó ka switch láti ìparí wá. Ó gbé 128 àti 32. 160 ló ń jẹ́ lókè níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pè é.

---

Ẹ̀gbọ́n, aago ìkìlọ̀ iná ni tèmi, òtẹ́ẹ̀lì kan ní Kano. Ara orí tó ń gbóòórùn èéfín gan-an ni nọ́ńbà wà, kì í ṣe ara ìdí rẹ̀ tí wọ́n kàn mọ́ sílíìnì. Àwọn akunlé yọ àwọn orí náà, wọ́n kó wọn sínú ike ọ̀dà, wọ́n sì dá wọn padà bọ́wọ́ ṣe bà á. Lọ́jọ́ kan, àlejò mu sìgá ní yàrá 203, páńẹ́ẹ̀lì ní 214 ni. Sékúríítì fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn 214. Bàbá kan ló ń kírun níbẹ̀, kò tilẹ̀ yíjú.

---

Àwa tí a ń ṣe iná DALI, iná tí a ń fi nọ́ńbà pè láti tàn án, ńkọ́? Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Gwarinpa. Iná 64 ni wáyà kan gbà, 0 dé 63, bó ṣe wu ẹ̀rọ ló ń pín nọ́ńbà: 0 wà lórí pẹpẹ, 1 wà lẹ́nu ọ̀nà. Mò ń tàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan, àbúrò mi ń fi báírò àti ìwé sáré kiri: "Mo rí i! Ọ̀dọ̀ kọ́áyà!" Aago méjì òru la parí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pásítọ̀ ní kí wọ́n gbé pẹpẹ lọ sí òdìkejì.