Ta ló ti ṣe àyẹ̀wò EMG rí? Ẹ wá sọ bó ṣe rí fún yín

Ìyá Aláṣọ Lágere: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa ní Ifẹ̀ àti Iléṣà. Dókítà kọ̀wé fún mi pé kí n lọ ṣe EMG, àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wo bí iṣan àti ẹran ara ṣe ń ṣiṣẹ́, lọ́jọ́bọ̀. Láti ìgbà òjò èṣí ni ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń kú: àtàǹpàkò, ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín. Ọmọńdinrín ní tirẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Òru ló máa ń le jù, màá jí, màá máa gbọn ọwọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ mi níbi tí mo ti ń gé léèsì oníléèsì. Gbogbo èèyàn ní làkúrègbé ni, mo ti fi òrí pa á títí. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ máa wọnú ẹran ara. Ṣé ó máa ń dunni púpọ̀?

Ọmọ Ọbòkun: Ó ń dunni. Ó ṣe é fara dà.

Tíṣà Ìsọ̀kùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Tèmi kì í ṣe ọwọ́, ojú ni. Láàárọ̀ ojú mi á là kedere, àmọ́ tí mo bá fi máa kọ́ kíláàsì mẹ́ta tán, ìpéǹpéjú òsì á ti wálẹ̀ bíi kọ́tìnnì. Tí mo bá ń jẹ ẹran, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á rẹ̀ mí kí n tó jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní ayé ni. Mo lo ọjọ́ mọ́kànlélógún lórí òkè, pẹ̀lú ààwẹ̀, ọrùn mi ò fẹ́ gbé orí mọ́ nígbà tí mo fi sọ̀ kalẹ̀. Dókítà ní kí n kàn máa wo òkè, kò tó ìṣẹ́jú kan, ìpéǹpéjú ti wálẹ̀. Ó wá lẹ nǹkan pẹlẹbẹ mọ́ mi lára, ó ń ta iná sí iṣan kan náà léraléra, bí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi: ìlà àkọ́kọ́ ga, èkejì kéré sí i, ẹ̀kẹta tún kéré sí i. Bó ṣe ń rẹ̀ mí níyẹn gan-an, mo rí i lójú ara mi. Myasthenia gravis ni wọ́n pè é, àìsàn tó ń jẹ́ kí ẹran ara tètè rẹ̀. Oògùn kan tó ń jẹ́ pyridostigmine ni mo ń lò báyìí, mo sì ti padà sí kíláàsì.

Arábìnrin Sábó: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bú àdúrà. Òkè ló gbà mí lọ́wọ́ ikú.

Tíṣà Ìsọ̀kùn: Mi ò bú u, màámi. Mo ṣì ń gbàdúrà lówùúrọ̀. Ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún fún ẹni tí kò lè jẹun dáadáa ni mò ń wí.

Ọmọ Modákẹ́kẹ́: Ẹ dúró ná, iṣan wo lẹ ń sọ? Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ni àbí èyí tó ń le kókó tí mo bá gbé àpò sìmẹ́ǹtì?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Iṣan kan wà tó ń gbé iṣẹ́ tí ọpọlọ bá rán lọ sí ara, òun ni wọ́n ń ta iná sí. Ẹran tó ń jẹ́ iṣẹ́ yẹn, èyí tó ń le kókó, ni wọ́n ń ki abẹ́rẹ́ sí.

Bàbá Onígi: Ẹran ni kí ẹ máa pè é nígbà náà. Yorùbá tiwa ló ń kó iṣan pọ̀.

Ọmọ Modákẹ́kẹ́: Bàbá, ẹran ni ti ìsọ̀ alápatà!

Òṣómàáló: Iná lára èèyàn? Tí iná bá lọ lójijì ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Iná díẹ̀ ni, ọwọ́ ẹ á kàn fò ni. Abẹ́rẹ́ yẹn kò tilẹ̀ gbé iná wọlé, ṣe ló ń gbọ́ iná tó wà nínú ẹran tẹ́lẹ̀. Tí o bá sinmi, ẹran tó dá ṣáká á dákẹ́. Tí o bá fún ọwọ́, á máa dún bí àgbàdo tó ń ta nínú agbada. Èyí tó ń dún nígbà ìsinmi ni dókítà ń wá. Ìyá Aláṣọ, ẹ má fi òrí tàbí ìpara kankan pa ara lọ́jọ́ náà, kò ní jẹ́ kí nǹkan lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín móoru, ọwọ́ tútù ń mú iṣan lọ́ra. Tí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ sọ fún wọn.

Ọlọ́kadà Òǹdó Road: Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn jàǹbá mi ni wọ́n ki abẹ́rẹ́ sí mi lẹ́sẹ̀ níbì kan, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Mo lọ, mo ń wọ́ ẹsẹ̀ kiri. Oṣù méjì kọjá kí ẹlòmíì tó tún àyẹ̀wò náà ṣe, ló bá sọ pé iṣan ti bàjẹ́, àmì rẹ̀ máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó yọ nínú ẹran. Ó ṣì ń dùn mí pé wọn ò ní kí n padà wá.

Ìyá Aláṣọ Lágere: Mo ti dé o! Ti iná yẹn mú mi fò, ti abẹ́rẹ́ kò tó bí mo ṣe rò. Iṣan kan ló há ní ọrùn ọwọ́ mi. Kì í ṣe làkúrègbé rárá. Wọ́n fún mi ní nǹkan tí màá máa fi de ọwọ́ sùn, tí kò bá dẹ̀, wọ́n á là á.

Arábìnrin Sábó: Olúwa ṣeun! Ìyá wa, ẹ máa rọra lo ọwọ́ náà. Aṣọ ìkómọ mi lè dúró di oṣù tó ń bọ̀.