Ìlú wo ni wọ́n ti gbà yín lálejò jù?

Ọmọ Òkè Àdó: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìlú wo nílẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti gbà yín lálejò débi tí ẹ ò fẹ́ padà sílé mọ́? Èyí tójú yín rí o, kì í ṣe àgbọ́sọ.

Àgùnbánirọ̀ Àná: Ìkéré-Èkìtì. Lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀ ni ìyá onílé mi gúnyán, wọ́n gbé e síwájú mi pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́. Mo ní, "Ẹ ṣeun mà, mo ti yó." Yéè! Wọn ò bínú, wọn ò sì gbé e kúrò. Wọ́n kàn fà àpótí, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń wò mí. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní, "Àbí o rò pé mo fi nǹkan sí i ni?" Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ọwọ́. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti gbọ́ ìró odó, mi ò jẹ́ fẹnu kan nǹkan mìíràn.

Iyán Lonjẹ: Ṣé ẹ rí àwọn Ìjẹ̀bú yìí? Ẹni tó mu gààrí láàárọ̀ ló ń sọ pé òun ti yó.

Àgùnbánirọ̀ Àná: Gààrí kíkan yẹn náà lẹ máa ń bẹ̀ mí pé kí n rà bọ̀.

Ará Oǹdó: Tèmi ò dára tó bẹ́ẹ̀. Mo tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ mi lọ sílé wọn ní Mọ̀kọ́lá, n'Ìbàdàn. Bàbá rẹ̀ ń jẹun, wọ́n ní, "Ẹ wá jẹun." Mo fọwọ́, mo jókòó. Àmàlà ẹyọ kan, ẹran ẹyọ kan. Bàbá wò mí, wọ́n wo ẹran. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín ní kíṣìnì. Ìgbà tá a jáde ni ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé "Á gba ibi ire" ló yẹ kí n fi dáhùn.

Ayọ̀ńlá: O jẹ ẹran náà?

Ará Oǹdó: A pín in.

Ayọ̀ńlá: 😂😂😂

Ọmọ Ìlá: Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń pe èèyàn sí oúnjẹ tẹ́ ò fẹ́ kó jẹ? Nílé wa, ẹ wá jẹun, ẹ wá jẹun ni.

Mesí Ọ̀gọ̀: Ìkíni ni, ọ̀gá. Tí mo bá ní "Ṣé dáadáa lẹ jí?", ṣé ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo àìsàn yín fún mi ni?

Ọmọ Ìlá: Irọ́ tí ẹ fi ata sí.

Ayọ̀ńlá: Ọmọ Ìlá, júwe ilé yín.

Ọmọ Òkè Àdó: Èmi tí mo béèrè gan-an ńkọ́? Òkè Àdó, n'Ìbàdàn, ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí èmi náà sí. Mo fẹ́ gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀, akọ̀wé wo orúkọ bàbá mi lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Orúkọ Ìjẹ̀bú rèé. Ẹ lọ gbà á nílé." Mo dé Ìjẹ̀bú, wọ́n béèrè agboolé, mo dá a lórúkọ, wọ́n ní, "Ta ló mọ̀ yín níbẹ̀?" Ọdún yẹn náà ni mo lọ wo Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Àbúrò bàbá mi kan, tòun ti aṣọ ẹgbẹ́ régbérégbé wọn lọ́rùn, gbé àga fún mi, wọ́n ní, "Jókòó, àlejò wa." Àlejò!

Iyán Lonjẹ: Wọ́n sáà fún ọ ní àga.

Ará Oǹdó: Wọ́n máa ń ní Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Àfi kó o di àjèjì kó tó gbè ọ́.

Mesí Ọ̀gọ̀: Ta tilẹ̀ ni onílé n'Ìbàdàn? Ibùdó ogun ni ní 1829. Ọmọ ogun Ifẹ̀ wà níbẹ̀, Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀. Akọ̀wé yẹn gan-an, ẹ bi í níbi tí bàbá ńlá rẹ̀ ti wá.

Ọmọ Òkè Àdó: Màá bi í nígbà tó bá fún mi ní ìwé náà tán.

Ayọ̀ńlá: Ará Oǹdó, aago mélòó ni bàbá Mọ̀kọ́lá yẹn máa ń jẹun? Mo ti fọwọ́.