Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àwọn ọmọ iléèwé fẹ́ ya àwòrán sára ògiri àdúgbò wa

Alọ́dà Lágere: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀. Ọ̀dà ni mo ń tà. Ògiri iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40, póstà àwọn olóṣèlú ló sì bò ó mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ fún àwọn ọmọ ibẹ̀ ní ọ̀dà kí wọ́n fi ya àwòrán sí i, torí wọn ò ní olùkọ́ iṣẹ́ ọnà. Ọ̀gá iléèwé ti gbà. Ta ni kí n pè? Ìgbà wo ló dáa? Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìran ọjọ́ kan ṣoṣo.

Pẹ́ńtà Mọ̀ọ̀rẹ̀: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ ń tà á, kì í ṣe èmi ni màá kọ́ yín lọ́rọ̀ ọ̀dà. Ògiri gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ ha póstà yẹn kúrò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo èéhù aláwọ̀ ewé tó wà nísàlẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ. Ibi tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 4, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á máa bó bí awọ ejò. Emulsion, ọ̀dà olómi, ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má gbé gloss, ọ̀dà olóròóró, fọ́mọdé, òórùn rẹ̀ ò dáa, aṣọ iléèwé tó bá sì ta sí ti lọ nìyẹn. Ẹsẹ̀ bàtà kan nísàlẹ̀, ẹ kùn ún ní dúdú, torí ẹrẹ̀ tí òjò máa ń ta sí i. Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kejì ni kẹ́ ẹ ṣe é. Ọyẹ́ á gbé eruku wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n eruku ṣeé nù.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ẹni tó máa dá gbogbo ẹ̀ yà tán. Wọ́n ṣe irú ẹ̀ níléèwé táwọn ọmọ mi ń lọ tẹ́lẹ̀, mi ò ní dárúkọ. Oníṣẹ́ tí wọ́n pè ya orí idẹ Ifẹ̀, ó jọ èyí tó wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé l'Ẹnuwá bí ẹni pé wọ́n gbé e síbẹ̀. Àwọn ọmọ ńkọ́? Wọ́n ní kí wọ́n tẹ àtẹ́lẹwọ́ sí igun kan, wọ́n ya fọ́tò, ó parí. Táyé délé, mo ní kí ló yà. Ó ní, "Ọwọ́ mi." Orúkọ ilé iṣẹ́ tó sanwó wá tóbi ju orí idẹ lọ!

Tíṣà Àgbà: Òótọ́ lẹ sọ, màmá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yà á sórí bébà ná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ wá fi rúlà fa ojú ìlà onígun mẹ́rin sórí èyí tẹ́ ẹ bá mú, kẹ́ ẹ fi okùn tẹ́ ẹ ti fi ṣọ́ọ̀kì pa ta irú ìlà kan náà sógiri, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà sí ojú kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó ni ojú 12 lórí bébà, ojú 12 lógiri ló máa yà. Ọmọ kíláàsì kẹrin á ṣe é. Ní ti olùkọ́, ẹ lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà (Fine and Applied Arts) ní yunifásítì OAU, ẹ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ sanwó fún wọn o, a kì í fi ìrírí ra gàrí.

Ọmọ Ilárè: Kí la ń wá lókèèrè? Àwọn obìnrin tó ń kun ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ifẹ̀ níbí, tí wọ́n ń pè ní Akúnòrìṣà, gbogbo ìgbà tí ọdún òrìṣà bá dé ni wọ́n ń tún un kùn. Kò sẹ́ni tó ń retí pé kí tèṣí wà títí láé. Funfun, pupa, dúdú náà ló sì pọ̀ jù nínú ọ̀dà wọn. Lójú Yorùbá, ara dúdú la ń ka aró sí, ara pupa la sì ń ka yẹ́lò sí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé ike mẹ́ta péré sílẹ̀, kí àwọn ọmọ máa pò wọ́n pọ̀ fúnra wọn. Tówó bá tó kun ẹsẹ̀ bàtà 40, ẹ kun 20 lọ́dún yìí, kẹ́ ẹ tọ́jú owó olùkọ́ de ọdún tó ń bọ̀.

Alọ́dà Lágere: Ìyá Ìbejì, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín, mo ti ní kí wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi gàdàgbà sáàárín ògiri! Màá ní kí wọ́n kọ ọ́ wínniwínni sí igun. Ogún náà la máa kùn. Pẹ́ńtà, àwọn póstà yìí ti lẹ̀ típẹ́típẹ́, kí la fi ń ha wọ́n?

Pẹ́ńtà Mọ̀ọ̀rẹ̀: Omi gbígbóná àti ọṣẹ, kó rin dáadáa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Màá yà sọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ má fún mi lówó, ẹ ṣáà ra àkàrà sílẹ̀.